Olùkọ́ Oko Gbọ́dọ̀ Kọ́kọ́ Jẹ́ Ọmọ Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Oko

 

Bí ẹ bá dé ọjà Arzèkè ní Parakou, ẹ wo àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó wà lọ́dọ̀ àwọn aránṣọ. Ọ̀gá kì í gbé aṣọ oníbàárà lé ọmọ lọ́wọ́ ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé. Ọmọ á gbálẹ̀, á máa wo ọwọ́ ọ̀gá, á máa rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ, á máa fi àkísà kọ́ ọwọ́. Ó di ìgbà tí ọ̀gá bá rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ iṣẹ́ kí wọ́n tó ṣe òmìnira fún un. Kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó máa gbé aṣọ ọdún rẹ̀ fún ẹni tó ti ka ìwé nípa abẹ́rẹ́ ṣùgbọ́n tí kò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ rí.

Ní ti oko, a kì í béèrè bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá rán olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ sí ilé-ẹ̀kọ́, tàbí tí wọ́n bá rán agbani-nímọ̀ràn sí abúlé, ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ la máa ń wò. Ta ló ń béèrè bóyá ó ti tọ́jú oko òwú kan rí láti ìgbà ìgbìn títí dé ìgbà ìkórè? Ohun tí ìwé yìí fẹ́ bá yín sọ nìyẹn. Bí a bá fẹ́ kí àwọn ọmọ wa kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó ń mówó wọlé, tí kò sì ba ilẹ̀ jẹ́, àwọn tó máa kọ́ wọn ni ká kọ́kọ́ kọ́. Oko ni ibi tí ó yẹ ká ti kọ́ wọn, ẹgbẹ́ yín sì ní ipa tó pọ̀ láti kó nínú rẹ̀.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan àpò yín

Ilẹ̀ Benin wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ń kó òwú jù lọ ní Áfíríkà. Láàárín 2019 sí 2022, ìkórè wa kọjá 700,000 tọ́ọ̀nù ní àsìkò kọ̀ọ̀kan. Ìhà àríwá, ní Alibori àti Borgou, ni ọ̀pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti wá. Ẹ̀yin lẹ gbìn ín. Síbẹ̀ ẹ mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo owó òwú ló ń kù sọ́wọ́ ẹni tó gbìn ín. Ajílẹ̀ òyìnbó àti oògùn apakòkòrò, àwìn lẹ fi ń gbà wọ́n, lórí òwú tí kò tíì hù. Ìgbà tí wọ́n bá wọn òwú yín ni wọ́n ń yọ gbèsè náà. Ẹni tó bá fín oògùn nígbà tí kò yẹ kó fín, ó ti fi owó ìkórè rẹ̀ ṣòfò kí ìkórè tó dé.

Ohun kan tún wà tó burú ju gbèsè lọ. Àwọn àgbà inú yín á rántí àsìkò òwú 1999 sí 2000. Kòkòrò tó ń jẹ èso òwú ti ń di ẹni tí oògùn àtijọ́ kò ràn mọ́, ni wọ́n bá mú oògùn mìíràn wá, endosulfan. Ní ìhà Borgou, ó kéré tán èèyàn 37 ni oògùn náà pa ní àsìkò kan ṣoṣo yẹn, gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ ìjọba. Àwọn kan jẹ oúnjẹ tí oògùn ti kàn. Àwọn kan fín in láìbo imú, láìbo ara. Lẹ́yìn náà, ìjọba wa fòfin de endosulfan, nígbà tó sì di 2011, àdéhùn àgbáyé ti Stockholm kà á mọ́ àwọn oògùn tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ pa tì.

Ẹ jẹ́ ká ronú sí i. Oògùn dé abúlé, ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń lò ó kò bá a dé. Ẹni tó lè dúró lójú oko kó sọ pé, “Ẹ má tíì fín in, ẹ jẹ́ ká ka kòkòrò ná,” kò pọ̀ tó. Ẹni tó lè fi han ìyàwó ilé pé agolo oògùn tó ṣófo kì í ṣe agolo omi, òun náà kò pọ̀ tó. Nígbà tí olùkọ́ kò bá tó, ẹ̀mí èèyàn ló ń bá a lọ.

Ilẹ̀ náà ń sọ tirẹ̀. Ilẹ̀ tí a fi òwú àti àgbàdo tẹ̀ lọ́dọọdún, tí a ń sun pòròpórò orí rẹ̀, á máa rẹ̀. Tí kò bá sí ohun tó ń jẹrà sínú rẹ̀, ajílẹ̀ òyìnbó tí a dà sí i á máa bá omi òjò lọ. Bí a ṣe ń dá okun padà sára ilẹ̀, ẹ̀kọ́ ni, ó sì ń fẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́ni.

Ibi tí àwọn olùkọ́ ti ń wá

Ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ kì í ṣe nǹkan tuntun ní ilẹ̀ wa. Lycée Agricole Médji wà ní Sékou, nítòsí Allada. Ní ìhà tiwa níbí, Lycée Agricole wà ní Kika, ní commune Tchaourou. Yunifásítì Parakou, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2001, ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Kétu náà ní ọgbà yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀. Ní Lokossa, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní ENSET ń kọ́ àwọn tó máa di olùkọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti ìmọ̀ ẹ̀rọ.

Ìjọba ti ṣe ètò ńlá fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ láti 2020 dé 2030, iṣẹ́ àgbẹ̀ sì wà lára ohun tí ètò náà tẹ̀ mọ́. Ìyípadà tó ṣe pàtàkì nínú rẹ̀ ni pé ohun tí ọmọ lè ṣe ni wọ́n fẹ́ máa fi dán an wò, kì í ṣe ohun tó lè kọ́ sórí nìkan. Tẹ́lẹ̀, olùkọ́ lè bi ọmọ pé, “Kí ni ń jẹ́ apakòkòrò?” Ọmọ á ka ìdáhùn láti inú ìwé, wọ́n á fún un ní máàkì. Ní báyìí, ìbéèrè tó yẹ ni èyí: “Wọ inú oko yìí. Padà wá sọ fún wa bóyá ká fín tàbí ká má fín. Sọ ohun tí o rí tí o fi sọ bẹ́ẹ̀.”

Ìbéèrè kejì yìí ló dára jù. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí òun fúnra rẹ̀ kò lè dá a lóhùn, báwo ló ṣe máa mọ̀ bóyá ọmọ gbà á? Olùkọ́ lè mọ orúkọ kòkòrò ní èdè Faransé, ní èdè Látìn pàápàá, kó má sì dá ẹyin rẹ̀ mọ̀ lẹ́yìn ewé. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ òun náà nìyẹn. Bí a bá yí ìwé ẹ̀kọ́ padà láì yí bí a ṣe ń kọ́ olùkọ́ padà, a kàn fi aṣọ tuntun wọ ara tí a kò wẹ̀ ni.

Ohun tí àwọn mìíràn ti ṣe

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí Indonéṣíà, ní Éṣíà, níbi tí ìrẹsì jẹ́ fún wọn bí iṣu ti jẹ́ fún wa. Kòkòrò kékeré kan ń fa omi ara ìrẹsì wọn mu. Bí wọ́n ṣe ń fín oògùn sí i tó ni kòkòrò náà ń pọ̀ tó, torí oògùn ń pa aláǹtakùn àti àwọn kòkòrò mìíràn tó ń fi í ṣe oúnjẹ. Ní 1986, ìjọba wọn fòfin de irú oògùn 57 lórí ìrẹsì. Ní 1989, àwọn pẹ̀lú àjọ FAO bẹ̀rẹ̀ ohun tí a lè pè ní ilé-ẹ̀kọ́ inú oko. Àgbẹ̀ bíi mélòó kan á máa pàdé lójú oko lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n á wo igi, wọ́n á ya àwòrán ohun tí wọ́n rí, wọ́n á jíròrò, wọ́n á sì pinnu ohun tí wọ́n máa ṣe.

Ohun tó kàn wá jù nínú ìtàn yìí ni bí wọ́n ṣe ṣe olùkọ́ wọn. Wọn kò kó wọn jọ sí gbọ̀ngàn fún ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n fún wọn ní ìwé-ẹ̀rí kí wọ́n sì máa lọ. Àwọn tó fẹ́ kọ́ni fúnra wọn kọ́kọ́ gbin ìrẹsì fún àsìkò kan gbáko. Ọwọ́ wọn wọ ẹrẹ̀, wọ́n ka kòkòrò, wọ́n kórè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó lọ jókòó pẹ̀lú àgbẹ̀. FAO ti mú ọ̀nà yìí wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, lórí òwú, lórí ìrẹsì àti lórí ẹ̀fọ́, Benin náà sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Ẹgbẹ́ OBEPAB, tó ti ń bá àgbẹ̀ ilẹ̀ wa ṣe òwú láìlo oògùn láti 1996, ń lo irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ náà.

Ìtàn kejì wá láti gúúsù Benin. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn olùṣèwádìí mú irú ẹ̀wà kan tí wọ́n ń pè ní mucuna wá fún àgbẹ̀ ní ìhà Mono. Ìbátan yèrépè ni, ṣùgbọ́n òun kì í yúnni lára. Wọ́n mú un wá kí ó lè dá okun padà sára ilẹ̀ tó ti rẹ̀. Nígbà tí àgbẹ̀ gbìn ín, wọ́n rí ohun mìíràn: ibi tí mucuna bá ti bo ilẹ̀, ẹ̀kan kì í rí ìmọ́lẹ̀, ó sì ń kú. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi ọkọ́ bá ẹ̀kan jà rí, ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Nítorí ẹ̀kan yìí ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ṣe fẹ́ mucuna, ju nítorí okun ilẹ̀ lọ. Àgbẹ̀ ló rí i, olùṣèwádìí ló wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn. Olùkọ́ tó bá gbà pé òun nìkan lòun mọ̀, kò ní rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láé.

Ẹ̀kẹta ni Songhaï. Àlùfáà Godfrey Nzamujo dá a sílẹ̀ ní Porto-Novo ní 1985, ó sì ti ní ibùdó ní Parakou níbí náà. Níbẹ̀, ìgbẹ́ ẹran ń di ajílẹ̀, ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ kan ń di oúnjẹ fún ẹja tàbí fún ilẹ̀. Ọ̀dọ́ tó wá kọ́ṣẹ́ ń ṣe iṣẹ́ wọ̀nyí pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Oko ni yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ohun tí wọ́n sì kórè ni wọ́n ń tà.

Ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ń sọ ohun kan náà: olùkọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ náà pẹ̀lú àwọn tó ń kọ́, òun ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wọlé.

Ohun mẹ́rin tó yẹ kí olùkọ́ tuntun mọ̀ ọ́n ṣe

Àkọ́kọ́: kí ó mọ oko kà. Ẹ̀yin kan ti rí pákó kékeré tí a lu ihò sí, tí a ń fi èèkàn wẹ́wẹ́ ka kòkòrò lórí rẹ̀. Àgbẹ̀ á rìn láti igun oko kan dé igun kejì, á máa dúró ti igi òwú kan lẹ́yìn òmíràn. Tó bá rí kòkòrò, á sún èèkàn síwájú. Bí èèkàn bá dé ibi àmì, ó tó àsìkò láti fín. Bí kò bá tíì dé e, ẹ gbé oògùn yín padà sílé. Ẹni tí kò kàwé lè lò ó dáadáa. Olùkọ́ tó bá ti fi pákó yìí rìn nínú oko ní ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá tẹ̀lé ara wọn, tó ti mọ kòkòrò tó ń jẹ òwú yàtọ̀ sí èyí tó ń jẹ kòkòrò, kò ní máa fi ọjọ́ inú kàlẹ́ńdà nìkan kọ́ ọmọ bí a ṣe ń fín oògùn.

Ẹ̀kejì: kí ó mọ̀ ọ́n béèrè, kó sì mọ èdè tó máa fi béèrè. Ní Arzèkè, láàárín ìsọ̀ mẹ́wàá, ẹ lè gbọ́ Yorùbá, Bàrìbá, Dẹ́ńdì àti Fọ̀n. Faransé sì ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi kọ́ ohun tí wọ́n mọ̀. Bí olùkọ́ bá sọ fún àgbẹ̀ pé kó dúró de “seuil” kó tó fín, àgbẹ̀ á mi orí lásán. Ṣùgbọ́n bó bá sọ pé, “Iye kòkòrò kan wà, tí a kò bá tíì rí i tó bẹ́ẹ̀, òwú lè fara dà á, tí a bá rí i tó bẹ́ẹ̀, àdánù tó ń bọ̀ ju owó oògùn lọ,” àgbẹ̀ á dá a lóhùn, á tún fi tirẹ̀ kún un. Ẹni tí kò lè sọ ìmọ̀ kan ní èdè tí wọ́n ń sọ nílé, bóyá ni ìmọ̀ náà tíì yé òun gan-an.

Ẹ̀kẹta: kí ó mọ̀ ọ́n ṣírò, láti oko dé ọjà. Ẹ jẹ́ ká fi èyí ṣe àpẹẹrẹ. Ká sọ pé fífín kan lórí hẹ́kítà kan, oògùn pẹ̀lú owó ẹni tó fín in, jẹ́ 6,000 fráǹkì. Ẹni tó fín in lẹ́ẹ̀mẹfà ná 36,000. Ẹni tó ka kòkòrò, tó rí i pé ẹ̀ẹ̀mẹrin ló yẹ, ná 24,000. Fráǹkì 12,000 ti kù sílé, bí ìkórè àwọn méjèèjì bá rí bákan náà. Ẹ fi iye tiyín sí i, kí ẹ ṣe é lórí oko yín.

Arzèkè fúnra rẹ̀ lè jẹ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Kí wọ́n rán àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti bírò, ní ìgbà ìkórè àti ní ìgbà ọ̀dá. Kí wọ́n béèrè iye tí abọ́ àgbàdo àti abọ́ ẹ̀wà sóyà jẹ́ ní ìgbà méjèèjì. Kí wọ́n bi àwọn ìyálọ́jà léèrè pé, “Àgbàdo wo lẹ kì í rà, kí ló sì dé?” Wọ́n á gbọ́ nípa èyí tí kò gbẹ dáadáa, èyí tí kòkòrò ti lu, èyí tó ní iyẹ̀pẹ̀ nínú. Kí wọ́n wo àwọn oògùn oko tí wọ́n ń tà ní ọjà: èwo ló ní ìwé lára ní èdè tí ẹni tó ń rà á lè kà, èwo ni wọ́n ti tú sínú ìgò mìíràn tí kò ní orúkọ? Olùkọ́ tó bá ti ṣe èyí kò ní kọ́ ọmọ láti gbin ohun tí ẹnikẹ́ni kì í rà. Á sì mọ ìdí tó fi gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún ọmọ nípa oògùn tí kò ní orúkọ.

Ẹ̀kẹrin: kí ó mọ irin-iṣẹ́ ìgbà yìí lò, láìsọ ọ́ di òrìṣà. Fóònù lè ya àwòrán ewé tó ní àrùn kó sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Fídíò lè fi àgbẹ̀ ibòmíràn hàn yín lẹ́nu iṣẹ́. Ní ilẹ̀ Benin níbí, àjọ AfricaRice ya fídíò nípa bí àwọn obìnrin ṣe ń se ìrẹsì nínú èéru omi gbígbóná kí wọ́n tó gún un, àwọn obìnrin mìíràn sì kọ́ ọ nípa wíwò ó, torí ojúgbà wọn ni wọ́n rí nínú rẹ̀. Àwọn fídíò àgbẹ̀ wà ní èdè wa náà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ kò parí síbi títan fídíò. Ó gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n dá dúró láàárín, kó béèrè pé, “Ṣé èyí lè ṣe é ṣe lórí ilẹ̀ tiwa? Kí la máa yí padà?” Lẹ́yìn náà, kó mú gbogbo wọn lọ sóko.

Ká pín ọ̀sẹ̀ láàárín ilé-ẹ̀kọ́ àti oko

Ní ilẹ̀ wa, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ aránṣọ tàbí ti mẹkáníìkì tó ń lépa ìwé-ẹ̀rí CQP ń lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú ọ̀sẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá, ó sì ń lo ọjọ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀gá ń kọ́ ọ lọ́wọ́, ilé-ẹ̀kọ́ ń kọ́ ọ ní ìṣirò àti ìdí tí nǹkan fi rí bó ṣe rí. Ẹ̀kọ́ oko náà lè rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ lè wà lóko àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, kó sì padà sí ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ìbéèrè. Kì í sì í ṣe ọmọ nìkan. Olùkọ́ náà gbọ́dọ̀ máa tẹ̀lé e wá, kí òun àti àgbẹ̀ máa bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Kí ọ̀nà yìí tó lè dúró, àgbẹ̀ tó gba ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọ̀gá ni òun, kì í ṣe pé wọ́n mú òṣìṣẹ́ ọ̀fẹ́ wá fún òun. Ọmọ tó wá kọ́ṣẹ́ tí a kàn fi ọkọ́ lé lọ́wọ́ láti àárọ̀ dé alẹ́, láìsọ ìdí ohunkóhun fún un, kò kọ́ṣẹ́ kankan. Ẹ sì má ṣe jẹ́ kí ọmọdé fín oògùn tàbí kó da oògùn pọ̀, láéláé. Kódà, kò gbọ́dọ̀ fọ agolo rẹ̀.

Ohun tí ẹgbẹ́ yín lè ṣe

Ẹ lè máa rò pé, “Ọ̀rọ̀ ìjọba lèyí, kí ni tiwa níbẹ̀?” Tiyín pọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ lè ní yàrá, kó má ní oko òwú tó pọ̀ tó, kó má sì ní ogún ọdún ìrírí. Ẹ̀yin lẹ ní méjèèjì. Ohun tí ẹ lè ṣe nìyí:

1. Ẹ yọ ilẹ̀ kékeré kan sọ́tọ̀, ìdá mẹ́rin hẹ́kítà tó, nítòsí ọ̀nà. Ẹ pín in sí méjì. Ẹ ṣe apá kan bí ẹ ti máa ń ṣe é. Ẹ fi kíka kòkòrò tọ́jú apá kejì, kí ẹ sì fi ìgbẹ́ ẹran tàbí ajílẹ̀ tí ẹ fúnra yín ṣe kún ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ kọ gbogbo owó tó bá wọ apá kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ sì wọn òwú wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

2. Ẹ kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó sún mọ́ yín jù, nípasẹ̀ agbani-nímọ̀ràn yín tàbí ilé iṣẹ́ ATDA. Ẹ sọ pé ẹ ti ṣe tán láti gba olùkọ́ kan tàbí méjì ní oko yẹn fún àsìkò kan gbáko, kì í ṣe fún ìbẹ̀wò ọjọ́ kan pẹ̀lú fọ́tò.

3. Ẹ mú ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, ní kùtùkùtù, wákàtí méjì péré. Ẹ má fi í sí ọjọ́ ọjà. Àgbẹ̀, olùkọ́ àti ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni kó jọ wọ oko. Olùkọ́ kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ kí àwọn yòókù tó sọ ohun tí wọ́n rí.

4. Ẹ rí i pé àwọn obìnrin wà níbẹ̀, kí ọ̀rọ̀ wọn sì ká. Àwọn ló ń kó òwú jù, àwọn ló ń fọ aṣọ tí a fi fín oògùn, àwọn ló ń gbé àgbàdo àti ẹ̀wà lọ sọ́jà. Bí ìpàdé bá bọ́ sí àsìkò tí wọ́n ń dáná tàbí tí wọ́n ń pọn omi, ẹ ti lé wọn nìyẹn.

5. Ní ìparí àsìkò, ẹ̀yin náà ni kẹ́ ẹ dán olùkọ́ wò. Ẹ mú un wọ oko tí kò mọ̀ rí. Ẹ bi í pé: kí lo rí? Ṣé ká fín? Èló la máa jèrè? Kí lo kọ́ lọ́dọ̀ wa tí o kò mọ̀ tẹ́lẹ̀? Bí kò bá rí nǹkan sọ sí ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí, a jẹ́ pé kò tíì parí ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀.

Ẹnì kan nínú yín lè sọ pé kò sí àkókò, pé ìgbà òjò kò dúró de ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ka iye wákàtí tí ẹ fi ń gbé ẹ̀rọ ìfínko sẹ́yìn nígbà tí kòkòrò kò tíì tó ohun tó yẹ kẹ́ ẹ fín oògùn sí. Wákàtí méjì ọ̀sẹ̀ yẹn lè jẹ́ èyí tó máa gba ìyókù là. Ẹlòmíràn lè sọ pé àwọn ọmọ kò tiẹ̀ fẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ mọ́, pé alùpùpù ni wọ́n fẹ́ máa fi gbé èèrò ní Parakou. Ọmọ ń sá fún iṣẹ́ tí kò rí èrè rẹ̀, tí wọ́n sì fi ń bá a wí nígbà tó bá ṣàṣìṣe ní ilé-ẹ̀kọ́: “Àgbẹ̀ lo máa dà!” Olùkọ́ tó ń fi ìṣirò hàn án pé oko lè bọ́ ọ, tí òun fúnra rẹ̀ kì í tijú láti di ọkọ́ mú, ló lè yí ọkàn rẹ̀ padà.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sí orí tábìlì ní ìpàdé ẹgbẹ́ yín tó ń bọ̀, kí òjò tó fìdí múlẹ̀. Kí akọ̀wé ka ìwé yìí sókè fún àwọn tí kò lè kà á. Ẹ yan ẹni mẹ́ta: ẹni tó máa bójú tó ilẹ̀ náà, ẹni tó máa kọ owó sílẹ̀, àti obìnrin kan tó máa pe àwọn obìnrin yòókù. Ẹ mú ọjọ́ tí ẹ máa kọ ìwé sí ilé-ẹ̀kọ́. Bí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀ tí olùkọ́ kan sì ti wà pẹ̀lú yín nínú poro, tó ń ju kóró òwú sílẹ̀ bíi tiyín, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ilẹ̀ yín so, kí àwìn yín kéré, kí àwọn ọmọ yín rí ẹni gidi kọ́ wọn.